Ọjà Tí Kò Jọ Orúkọ Rẹ̀

Orúkọ méjì ni Yorùbá ń pe ohun tí ẹlòmíràn ti lò kí ó tó dé ọwọ́ ẹni. Àkọ́kọ́ ni àlòkù, ọ̀rọ̀ tí kò fi ohunkóhun pamọ́: ẹnìkan ti lò ó, èyí tí ó kù nínú rẹ̀ ni a fẹ́ rà. Èkejì ni tòkunbọ̀, èyí tí a yá lára orúkọ ènìyàn. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun, tí àwọn òbí rẹ̀ gbé padà wá sílé, ni à ń sọ ní Tòkunbọ̀, orúkọ ayọ̀ sì ni. Láti àwọn ọdún 1980 ni orúkọ náà ti kúrò lára ọmọ nìkan, tí ó dé ara ọkọ̀, fìríìjì, tẹlifíṣọ̀n àti ohun èlò orin. Ohun kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n wọn kò wúwo bákan náà lẹ́nu. Àlòkù jẹ́wọ́, tòkunbọ̀ ń yangàn. Ẹni tí ó bá pe ọjà rẹ̀ ní tòkunbọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í polówó rẹ̀.

Gìtá ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí a mú un pé olùkọ́ kan ń gbé ní Òṣíẹ̀lẹ̀, ìlú Ẹ̀gbá tí ó wà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn, tí ìjọ C.M.S. ti fìdí múlẹ̀ sí láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Olùkọ́ yìí rí àwòrán gìtá àlòkù kan tí ẹnìkan ń tà ní Èkó. Ẹni tí ń tà á ní ojúlówó Gibson tí a ṣe ní Amẹ́ríkà ni, pé ọrùn rẹ̀ kò kán rí. Olùkọ́ sanwó, wọ́n sì fi gìtá náà ránṣẹ́ sí i nípa wébíìlì. Nígbà tí ó ṣí àpótí rẹ̀, tí ó gbé e sínú oòrùn, ó rí ìlà tínrín kan ní ẹ̀yìn ọrùn, níbi tí orí gìtá ti bẹ̀rẹ̀. Gìtá náà ti kán rí. Wọ́n fi àtè lẹ̀ ẹ́, wọ́n sì kun ún. Ó ta á wò, ohùn rẹ̀ dùn. Ṣé kí ó dá a padà ni, tàbí kí ó mú un bẹ́ẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn láìronú púpọ̀ pé, bí ó bá ti ń dún dáadáa, kí ni a tún ń wá? Ìdáhùn náà ní ọgbọ́n nínú díẹ̀. Orí gìtá Gibson a máa tẹ̀ sẹ́yìn, ibẹ̀ gan-an sì ni ọrùn rẹ̀ ti tínrín jù lọ, nítorí pé wọ́n gbẹ́ ihò sínú igi náà fún ọ̀pá irin tí kì í jẹ́ kí ọrùn wọ́. Bí gìtá bá ṣubú sẹ́yìn, ibẹ̀ ni yóò kán. Bí oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ bá lẹ̀ ẹ́, ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ogójì ọdún láìmì. Síbẹ̀ owó gìtá tí ó ti kán rí a máa já wálẹ̀ gidigidi lọ́jà gbogbo àgbáyé, nítorí pé kì í ṣe ohùn nìkan ni à ń rà lára ohun àlòkù. Ìtàn rẹ̀ ni à ń rà mọ́ ọn: ibi tí ó ti wá, ọwọ́ tí ó ti kọjá, ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí i. Olùkọ́ Òṣíẹ̀lẹ̀ san owó ìtàn kan, ìtàn mìíràn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Àléébù lọ́tọ̀, irọ́ lọ́tọ̀.

Kí a tó dé ibi ìpinnu, ó yẹ kí a mọ bí ó ti jẹ́ tí gìtá àlòkù fi di ohun tí olùkọ́ ń wá kiri. Gìtá kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà wà lára àwọn tí ó gbé e kiri etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí jùjú fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Èkó ní àwọn ọdún 1930 pẹ̀lú Túndé King àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ohun èlò olókùn ni ó wà ní ìdí rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1940 ń parí lọ, Àyìndé Bákàrè so ti rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Lẹ́yìn náà ni Ebenezer Obey, ọmọ Ẹ̀gbá tí a bí ní Ìdógò ní 1942, tí ó dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀ ní 1964, wà lára àwọn tí ó sọ ọ́ di àṣà pé kí gìtá púpọ̀ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé kan ṣoṣo. Ní 1986 ni ìjọba Babangida gbé ètò SAP kalẹ̀. Náírà já wálẹ̀, gìtá tuntun sì di ohun tí ọ̀pọ̀ olórin ń fi ojú lásán wò. Láti ìgbà náà ni àti olórin àti ìjọ Ọlọ́run ti ń ná àlòkù.

Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ti rí ọ̀ràn ọjà tí kò jọ orúkọ rẹ̀ ṣáájú kí gìtá tó gbilẹ̀, ìgbà náà sì ni àwọn Ẹ̀gbá fúnra wọn wà ní ipò ẹni tí ń tà. Ọ̀rọ̀ àdìrẹ ni mò ń sọ. Ní àwọn ọdún 1920, òwò àdìrẹ gbòòrò débi pé oníbàárà ń ti Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, àti Senegal wá rà á. Ohun tí wọ́n ń rà ni iṣẹ́ sùúrù. A ó gún ewé ẹlú, a ó sá a. A ó jó igi di eérú, a ó sẹ́ omi rẹ̀. A ó pò wọ́n pọ̀ sínú ìkòkò, a ó sì dúró fún ọjọ́ púpọ̀ kí aró tó tó aró. Ẹ̀yìn èyí ni a ó máa ri aṣọ, tí a ó máa sá a, tí a ó tún máa rì í, títí yóò fi dúdú mìnìjọ̀.

Nígbà tí ó yá, kọ́sítíkì sódà àti aró òyìnbó wọlé. Sódà gba ipò omi eérú, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ di iṣẹ́ wákàtí díẹ̀. Èmi kò lè bú àwọn obìnrin tí ó kọ́kọ́ lò ó. Àwọn oníbàárà ń sáré, gbèsè aṣọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ń lé wọn, ẹni tí ó sì ń se aró bí ìyá rẹ̀ ti ń se é kò lè bá ẹni tí ń lo sódà díje. Ẹni tí ó mọ ìwọ̀n rẹ̀ lè fi ṣe aṣọ tí ó dára. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tàbí tí kò bìkítà, a máa ba òwú jẹ́, aró a sì máa ṣí. Ohun tí ó mú ọ̀ràn náà le ni pé ní ọjọ́ tí a ń ná an, aṣọ méjèèjì jọ ara wọn. Ọjọ́ tí a bá fọ aṣọ ni a tó mọ ìyàtọ̀, ọjọ́ yẹn sì bá ẹni tí ó rà á ní ọ̀nà jíjìn.

Ta ni yóò di ẹrù aṣọ láti Dakar padà sí Ìtòkú nítorí pé aró rẹ̀ ń ṣí? Owó ọkọ̀ ojú omi nìkan ju èrè lọ. Àwọn kan fi ẹ̀sùn ránṣẹ́, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ sọ ohunkóhun. Wọn kò kàn wá mọ́. Ọ̀wọ́n owó tí ó bo gbogbo ayé láti 1929 tún dá kún un. Ní 1936, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi òfin de sódà àti aró òyìnbó, nítorí pé ó gbà pé bí aró àtijọ́ bá padà, oníbàárà yóò padà. Àwọn aláró kò gbà. Wọ́n bẹ agbẹjọ́rò láti Èkó, ìgbìmọ̀ kan sì jókòó láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ní tèmi, Aláké mọ àìsàn náà, ṣùgbọ́n oògùn tí ó kọ kò bá a mu. Kì í ṣe sódà ni ó lé oníbàárà lọ bí kò ṣe pé ẹni tí ń rà kò mọ èyí tí ó ní sódà àti èyí tí kò ní in. Bí wọ́n bá ti fi orúkọ pe aṣọ kọ̀ọ̀kan, tí a ta èyí tí a yára ṣe ní owó pọ́ọ́kú, tí a sì ta aró ìkòkò ní owó gọbọi, ìbá ṣeé ṣe kí méjèèjì rí ẹni tí yóò rà wọ́n.

Ohun tí ó ká mi lára jù nínú ìtàn yìí ni àwọn tí kò sọ ohunkóhun. A sábà máa ń rò pé ẹni tí ó dá ọjà padà ni ọ̀tá ẹni tí ó tà á. Ní ọjà àtijọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá ní Pàràkòyí, ẹgbẹ́ olóyè tí ń ṣe àkóso òwò tí ó sì ń parí ìjà oníṣòwò; ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó máa ń dé iwájú wọn, nítorí pé ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà mọ ilé ara wọn. Obìnrin tí ẹ̀wà rẹ̀ ní kòkòrò nínú a padà lọ ní ọjọ́ kejì: “Ìyá, èyí tí ẹ wọ̀n fún mi lánàá kò rí bí ẹ ti wí o.” Ìyá a bẹ̀ ẹ́, a pààrọ̀ rẹ̀, a sì bu ènì lé e. Oníbàárà tí ó padà wá bínú ṣì jẹ́ oníbàárà. Èyí tí ó dákẹ́ ti lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn.

Òfin tí a ń lò nísinsìnyí kò jìnnà sí èyí bí a ti rò. Òfin títa ọjà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1893 ni ó wọlé pẹ̀lú ìjọba wọn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ ọ́ di tirẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì jogún rẹ̀ nígbà tí a dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní 1976. Ó ní ọjà tí a fi àpèjúwe tà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe náà mu, kò sì yọ àlòkù sílẹ̀. Ó gba ẹni tí ó rà á láàyè láti yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó kà á sí pé ó ti tẹ́wọ́ gbà á. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: ẹni tí ó kọ ọjà lọ́nà ẹ̀tọ́ kò ní láti gbé e padà fúnra rẹ̀ àfi bí wọ́n bá ti jọ ṣe àdéhùn bẹ́ẹ̀, ó tó kí ó sọ fún ẹni tí ó tà á pé òun kò gbà á. Òfin àpapọ̀ ti 2018 tí ó dá àbò bo oníbàárà tún gbé ẹ̀tọ́ ìdápadà kalẹ̀ fún ọjà tí ènìyàn kò láǹfààní láti yẹ̀ wò kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀, ó sì ní kí àwọn tí ń fi òwò ṣe iṣẹ́ máa sọ ọ́ gbangba bí ọjà bá jẹ́ àlòkù.

Nítorí náà, olùkọ́ Òṣíẹ̀lẹ̀ ní ju ọ̀nà méjì lọ. Ó lè kọ gìtá náà kí ó gba owó rẹ̀ padà. Bí ohùn rẹ̀ bá wù ú tọkàntọkàn, ó lè mú un kí ó béèrè ẹ̀dínwó tí ó bá gìtá alátè mu. Èyí tí èmi kò fọwọ́ sí ni kí ó dákẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó wà ní Èkó má tilẹ̀ mọ̀ pé ọrùn náà kán, kí ó jẹ́ pé bí òun náà ti rà á ni ó ṣe tà á. Bí kò bá sì gbọ́, bákan náà ni yóò ṣe ta òmíràn. Kí olùkọ́ ya àwòrán ìlà náà nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ó fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ẹni náà fi polówó rẹ̀, kí ó sì sọ èyí tí ó fẹ́ nínú méjèèjì. Títa tí ó ta á wò kò pa á lára. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé e lọ síbi ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, tí ó pààrọ̀ wáyà rẹ̀, tí ó sì jẹ́ kí oṣù kan kọjá, òfin yóò kà á sí pé ó ti gbà á bẹ́ẹ̀. Títí ìdáhùn yóò fi ti Èkó dé, kí gìtá náà wà nínú àpótí rẹ̀.