Ìlẹ̀kẹ̀ sínsín

Ìlẹ̀kẹ̀ sínsín jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí a fi ń kó ìlẹ̀kẹ̀ jọ sórí okùn láti fi ṣe ohun ọ̀ṣọ́ ara, bí ẹ̀gbà ọrùn, ẹ̀gbà ọwọ́, ẹ̀gbà ẹsẹ̀ àti ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Ó wà lára àwọn iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ tí ó rọrùn jù lọ láti ṣe nínú ilé, nítorí pé kò gba ẹ̀rọ, irinṣẹ́ rẹ̀ kò sì pọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tàbí ti òkúta lè wà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún láìbàjẹ́, ṣùgbọ́n okùn tí ó so ó pọ̀ lè gbó láàárín ọdún díẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé yíyan okùn, títa kókó, àti títún ìlẹ̀kẹ̀ sín kí ó tó já, ni ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú iṣẹ́ yìí, pàápàá nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ náà bá jẹ́ ohun ìní ìdílé tí a kò lè rí irú rẹ̀ rà mọ́.

Orúkọ

Ọ̀rọ̀-ìṣe "sín" ni Yorùbá ń lò fún kíki okùn bọ inú ihò ìlẹ̀kẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí ti àwọn tí ń ṣe adé ọba, àwọn tí ń rán ìlẹ̀kẹ̀ tí a ti sín mọ́ ara aṣọ líle. Ẹ̀fọ̀n Aláayè ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì jẹ́ ìlú tí ó lókìkí fún iṣẹ́ adé onílẹ̀kẹ̀. Iṣẹ́ adé jẹ́ ti ìdílé àti ti àwọn tí wọ́n kọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ni ó lè sín ìlẹ̀kẹ̀ sórí okùn nínú ilé rẹ̀.

Ìtàn

Ilé-Ifẹ̀ ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ nípa iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì nílẹ̀ Yorùbá ti wá. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, rí àfọ́kù ìkòkò tí a fi ń yọ́ gíláàsì ní Ìgbó Olókun. Fún ìgbà pípẹ́, èrò ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni pé gíláàsì tí ó ti òkèèrè wá ni àwọn ará Ifẹ̀ kàn ń tún yọ́. Ìwalẹ̀ tí Abídèmí Babalọlá ṣe níbẹ̀ ní ọdún 2011 àti 2012 yí èrò náà padà. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí a rí lé ní 12,000, àfọ́kù ìkòkò ìyọ́gíláàsì sì lé ní 800. Àyẹ̀wò fi hàn pé ohun tí ó para pọ̀ di gíláàsì náà kò bá ti àwọn gíláàsì Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù mu, àti pé àwọn ohun inú ilẹ̀ àdúgbò ni a fi ṣe é, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún.

Àwọn ère Ifẹ̀ fi hàn bí a ṣe ń lo ìlẹ̀kẹ̀ ní ayé ìgbà náà. Ère idẹ ọba àti olorì tí a rí ní Ìta Yemọó ní ọdún 1957 wọ ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, ní ìlà lórí ìlà.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ìlọrin lókìkí fún ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń gé, tí wọ́n ń lu, tí wọ́n sì ń lọ̀ títí yóò fi máa dán. Iṣẹ́ náà rẹ̀yìn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì láti Venice àti Bohemia ti ń wọlé láti etíkun pẹ̀lú àwọn oníṣòwò Yúróòpù. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ wọ̀nyí ni ó sì pọ̀ jù lọ ní ọjà di òní, pẹ̀lú àwọn tí a fi ike ṣe.

Oríṣi ìlẹ̀kẹ̀

- Iyùn: egungun ẹ̀dá kékeré inú òkun ni, àwọ̀ rẹ̀ pupa tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú. Àwọn ọba, ìjòyè àti ìyàwó ojú ọpọ́n ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ jù. Ó tutù lọ́wọ́, ó sì wúwo ju ike tí a ṣe ní àfarawé rẹ̀ lọ.
- Sẹ̀gi: ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì aláwọ̀ búlúù, ó gùn bí ọ̀pá kékeré. Ó wà lára àwọn tí Yorùbá kà sí oníyebíye jù lọ.
- Ìlẹ̀kẹ̀ òkúta: ti Ìlọrin wà lára wọn. Ihò wọn máa ń mú létí, ó sì lè gé okùn.
- Lágídígba: ìlẹ̀kẹ̀ dúdú tí a fi èèpo èkùrọ́ ṣe, a sì ń lò ó sí ìdí.
- Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́: gíláàsì kéékèèké tí a ń fi nọ́ńbà pè. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni ìlẹ̀kẹ̀ ń kéré sí i: 6/0 fẹ̀ tó mìlímítà 4, 8/0 tó 3, 11/0 sì tó 2.
- Ìlẹ̀kẹ̀ ike: ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì dára fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Okùn àti irinṣẹ́

Okùn kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ó dára sí àti ọ̀nà tí ó ń gbà bàjẹ́.

- Òwú: ó rọ̀, kókó rẹ̀ kì í tú, ṣùgbọ́n òógùn àti omi máa ń jẹ́ kí ó jẹrà. Bí a bá fi ìda oyin pa á lára, yóò pẹ́ sí i, kò sì ní máa tú yẹ́kẹyẹ̀kẹ.
- Okùn náílọ́ọ̀nù onífọ́nrán tí a lọ́ pọ̀: kì í jẹrà bí òwú, ó sì gba kókó dáadáa. Òun ni ó yẹ jù fún ẹ̀gbà ọrùn tí a ó máa wọ̀ déédéé.
- Okùn ìpẹja: kò nílò abẹ́rẹ́, nítorí ó le. Oòrùn àti ọjọ́ orí ni ó ń sọ ọ́ di gbígbẹ tí yóò fi ṣẹ́ lójijì. Kókó rẹ̀ a sì máa yọ̀.
- Okùn wáyà tí a fi ike bò: ó lágbára fún òkúta wíwúwo, ṣùgbọ́n bí a bá ká a ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ni yóò ti já.
- Rọ́bà: ó dára fún ẹ̀gbà ọwọ́ tí kò ní ìkọ́. Òun ni ẹ̀mí rẹ̀ kúrú jù nínú gbogbo wọn.

Irinṣẹ́ yòókù ni abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, àlùmọ́gàjí, ẹ̀mú kékeré, tépù ìwọ̀n, ìkọ́ ẹ̀gbà, àti táwẹ̀lì tí a ó tẹ́ sórí tábìlì kí ìlẹ̀kẹ̀ má baà yí lọ.

Ìwọ̀n

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé kí a sín ẹ̀gbà ọwọ́ ní ìwọ̀n ọrùn ọwọ́ gan-an. Inú ihò ìlẹ̀kẹ̀ ni okùn ń gbà kọjá, ẹ̀yìn ìlẹ̀kẹ̀ ni ó sì ń kan ara. Nítorí náà, bí ìlẹ̀kẹ̀ bá ṣe tóbi tó ni ẹ̀gbà yóò ṣe há tó. A lè ṣe àtúnṣe rẹ̀ báyìí: kí a sọ fífẹ̀ ìlẹ̀kẹ̀ kan di ìlọ́po mẹ́ta, kí a fi kún ìwọ̀n ọwọ́, kí a sì fi sẹ̀ǹtímítà 1 lé e kí ó lè rọ̀. Fún ọwọ́ tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 16 àti ìlẹ̀kẹ̀ oní-mìlímítà 8, gígùn tí a nílò jẹ́ bí sẹ̀ǹtímítà 19.4, èyí tí í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ 24. Ẹni tí ó bá fi ìwọ̀n ọwọ́ nìkan ṣírò yóò sín 20, kò sì ní lè wọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbà ọrùn kò ní ìṣòro yìí tó bẹ́ẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 40 máa ń sún mọ́ ọ̀fun, 45 máa ń wà lórí egungun èjìká, 60 sì máa ń dé àyà.

Ẹ̀gbà ọrùn oníkókó

Nínú ọ̀nà yìí, a ń ta kókó kan láàárín ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àǹfààní rẹ̀ jẹ́ méjì: ìlẹ̀kẹ̀ kì í ha ara wọn, bí okùn bá sì já, ìlẹ̀kẹ̀ kan tàbí méjì ni yóò bọ́, ìyókù yóò dúró. Ọ̀nà yìí ni ó yẹ iyùn, sẹ̀gi àti ohunkóhun tí a kò fẹ́ pàdánù. Fún ẹ̀gbà sẹ̀ǹtímítà 45 pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ oní-mìlímítà 8, ìlẹ̀kẹ̀ bí 50 ni a nílò, nítorí kókó kọ̀ọ̀kan ń gba bí mìlímítà 1. Láìsí kókó, ìlẹ̀kẹ̀ 56 ni ì bá gbà.

1. A ó to ìlẹ̀kẹ̀ sórí táwẹ̀lì bí a ṣe fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, kí àwọn ńlá wà láàárín. A ó yọ èyí tí ihò rẹ̀ ti sán sọ́tọ̀.
2. A ó gé okùn tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà ẹ̀gbà náà, ìyẹn bí mítà 2.7, a ó ki í bọ abẹ́rẹ́, a ó sì ṣẹ́ ẹ po sí méjì.
3. A ó so etí okùn méjèèjì mọ́ òrùka ìkọ́ pẹ̀lú kókó mẹ́ta, a ó sì ṣẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 kù sílẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni a ó fi bo ìṣẹ́kù yìí mọ́lẹ̀.
4. Lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a ó ta kókó tí kò tíì le. A ó ki abẹ́rẹ́ mìíràn bọ inú kókó náà, a ó fi í ti kókó lọ títí yóò fi kan ìlẹ̀kẹ̀, a ó wá fa okùn le bí abẹ́rẹ́ ti ń yọ jáde.
5. A kò ní ta kókó sáàárín ìlẹ̀kẹ̀ méjì ìgbẹ̀yìn. A ó ki okùn gba inú òrùka ìkọ́ kejì, a ó dá a padà gba inú ìlẹ̀kẹ̀ méjèèjì, a ó ta kókó mọ́ àárín wọn, kí a tó gé e.
6. A ó di etí méjèèjì mú, a ó sì fà á pẹ̀lẹ́. Ó sàn kí kókó tú lórí tábìlì ju kí ó tú lóde àríyá.

Ẹ̀gbà ọwọ́ onírọ́bà

A ó kọ́kọ́ fa rọ́bà náà ní ìgbà mélòó kan kí a tó sín ohunkóhun sí i. Èyí tí a kò bá fà yóò gùn sí i lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àlàfo yóò sì yọ láàárín ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tí a bá ta kókó, a ó lọ́ okùn mọ́ra lẹ́ẹ̀mejì dípò ẹ̀ẹ̀kan, a ó fà á le, a ó tún un ta, a ó sì ti kókó náà bọ inú ìlẹ̀kẹ̀ tí ihò rẹ̀ fẹ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí

Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, tí a tún ń pè ní bẹ̀bẹ̀ tàbí jìgìdá, jẹ́ ọ̀ṣọ́ obìnrin láti ìgbà ọmọdé. Òwe kan sọ pé ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ni a sábà ń lò lónìí. Nínú sẹ̀ǹtímítà kan, ìlẹ̀kẹ̀ 11/0 bí 7 ni ó ń wọ̀ ọ́. Ìlà kan tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90 yóò gba nǹkan bí 630. Ìdúró ni a ti ń wọn ìdí, níbi tí ìlẹ̀kẹ̀ yóò ti dúró gan-an. Nítorí pé okùn yìí kì í nà, ẹni tí ó wọ̀ ọ́ máa ń tètè mọ̀ bí ara òun bá sanra tàbí bí ó bá fọn.

Títún ìlẹ̀kẹ̀ sín

Okùn máa ń fi àmì hàn kí ó tó já: àlàfo láàárín ìlẹ̀kẹ̀, ìhùnrùn lára òwú, ìdọ̀tí dúdú lẹ́bàá kókó, tàbí okùn ìpẹja tí ó ti pọ́n tí ó sì ti le. Ẹ̀gbà tí a ń wọ̀ lójoojúmọ́ yẹ ní yíyẹ̀ wò lọ́dọọdún.

Bí a bá fẹ́ tú ẹ̀gbà àtijọ́, a ó kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀, a ó sì ka iye ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a ó tẹ́ ẹ gbọọrọ sínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, a ó lẹ tépù mọ́ ọn láti òkè kí ìlẹ̀kẹ̀ má baà yí ipò padà, kí a tó gé okùn. Ìlẹ̀kẹ̀ tí etí ihò rẹ̀ mú ni a ó fi ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ kan há láàárín méjì, kí ó má baà gé okùn tuntun. Iyùn kò gbọdọ̀ kan ọsàn wẹ́wẹ́, fínígà tàbí lọ́fínńdà, nítorí wọ́n máa ń jẹ ojú rẹ̀. Aṣọ rírọ̀ tí a fi omi rin díẹ̀ tó láti nù ún.

Ewu

Ìlẹ̀kẹ̀ lè há ọmọdé lọ́nà ọ̀fun, okùn ọrùn sì lè fún un pa. Nítorí náà, a kì í fi ẹ̀gbà ọrùn sùn lára ọmọ ọwọ́, a kì í sì jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta dá nìkan wà pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀. Èso ojú ológbò, èso pupa tí orí rẹ̀ dúdú, tí àwọn kan ń sín bí ìlẹ̀kẹ̀, ní oró tí ó lè pa ènìyàn bí a bá rún un lẹ́nu tàbí bí ìyẹ̀fun rẹ̀ bá wọ ara nígbà tí a ń lu ú. Kò yẹ fún iṣẹ́ inú ilé rárá. Ẹni tí ń lu òkúta tàbí èèpo èkùrọ́ gbọdọ̀ fi omi rin ín, kí ó sì bo imú. Ìkọ́ tí ó ní nickel nínú lè mú kí ara àwọn mìíràn máa yún.

Ní òkè òkun

Àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú gbé iṣẹ́ yìí dé Amẹ́ríkà. Ní Cuba, "eleke" ni a ṣì ń pe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àwọn olóòrìṣà, "idé" sì ni ti ọwọ́, láti inú "ìlẹ̀kẹ̀" àti "ìdè". Ní Bràsíl, àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ń pè é ní "fio de contas" lédè Potogí, èyí tí ó túmọ̀ sí okùn ìlẹ̀kẹ̀. Àwọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ ni ó ń fi òrìṣà hàn: funfun fún Ọbàtálá, pupa àti funfun fún Ṣàngó.