Ohùn Tí Kò Mí

Àyàn ni bàbá àgbà mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn tí mo fi kọ̀ǹpútà ṣe, wọ́n ní, "Ohùn yìí ò mí." Ó dùn mí, nítorí ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi wádìí bí àwọn tó ṣe synthesizer ṣe ń mú kí ohùn rẹ̀ dà bí ohun ẹlẹ́mìí.

Ní ọdún 1964, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, Robert Moog àti olórin kan, Herbert Deutsch, jọ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kan. Apá kan nínú rẹ̀ ń dá ohùn. Òmíràn ń sẹ́ ohùn náà bí ẹni ń sẹ́ ògì. Iná mànàmáná láti apá kan lè darí apá mìíràn: bí iná náà bá ń lọ sókè sódò, ohùn náà á máa tẹ̀ lé e. Wáyà ni olórin fi ń yan ohun tí yóò darí òmíràn. Ìdarí yìí ni wọ́n ń pè ní modulation.

Ní 1969, ilé iṣẹ́ EMS ní London gbé VCS3 jáde. Dípò wáyà, pátákó oníhò ni wọ́n lò. Ihò tí o bá ki píìnì bọ̀ ni yóò so ohun méjì pọ̀.

Èyí tó wù mí jù ni ti John Chowning ní Yunifásítì Stanford. Ní 1967, ó ń fi kọ̀ǹpútà mú ohùn gbọ̀n bí akọrin ṣe máa ń gbọn ohùn. Ó mú kí gbígbọ̀n náà yára, kí ó sì pọ̀, títí ó fi kọjá agbára ènìyàn. Kò gbọ́ gbígbọ̀n mọ́. Ohùn tuntun ló gbọ́. Yamaha gba àṣẹ láti lo ọgbọ́n yìí, wọ́n sì gbé DX7 jáde ní 1983. Olùdá ohùn 6 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀nà 32 ni wọ́n sì lè gbà so wọ́n pọ̀.

Lónìí, Dexed ń ṣe iṣẹ́ DX7 lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ sì ni. Òun ni mo lò. Ìtàn yìí ló jẹ́ kí n rí àṣìṣe mi: ohùn mi dúró sójú kan bí òpó, nítorí n kò fi ohunkóhun darí rẹ̀. Bàbá àgbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kọ̀ǹgọ́ wọn ti ń lu awọ, bẹ́ẹ̀ ni apá wọn ń fún okùn gángan, tí ohùn ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nílẹ̀. Apá wọn ni modulation tiwọn.

Mo padà sídìí ẹ̀rọ. Mo jẹ́ kí ìgbì kan tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ darí bí olùdá ohùn kan ṣe ń gbọn èkejì. Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú ganrínganrín, ó tún ń rọ̀.

Bàbá àgbà fetí sí i dáadáa. Wọ́n ní, "Ó ti ń mí báyìí. Àmọ́ kò tíì sọ̀rọ̀."

Iṣẹ́ tó kù fún mi nìyẹn.