Àwùjọ Ẹ̀fọ́ Nílẹ̀ Yorùbá

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ìyá tí ó ti oko bọ̀ kì í wọlé lọ́wọ́ òfo, ewé tí ó bá já bọ̀ lọ́nà ni ó ń sọ irú ọbẹ̀ tí ilé yóò jẹ lálẹ́. Bí òjò bá ti rọ̀ tẹ́rùn, tẹ̀tẹ̀ a hù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín, ẹ̀bọ̀lọ̀ olóòórùn a sì bo oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sun. Worowo ń fà lábẹ́ kòkó àti obì níbi tí òòrùn kò ti mú, ewúro wà lẹ́yìnkùlé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, tí ilẹ̀ gbẹ táútáú, àkùrọ̀ etí odò ni a ń gbin ṣọkọ̀ àti ewédú sí. Àwọn àgbà a sì máa wí pé tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọ́ àti èso tí a ń jẹ ni ó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ wa. Gbúre, ata, tòmátò, ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ òyìnbó, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ré òkun kọjá wá, lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ òwò ní etíkun wa. Mángòrò sì ti Íńdíà wá. Àwọn baba wa gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil pàdánù ilé, wọ́n pàdánù ọ̀nà, síbẹ̀ wọn kò jọ̀wọ́ ọbẹ̀ ìyá wọn: títí di òní olónìí, efó ni wọ́n ń pe ọbẹ̀ ewé tí wọ́n fi epo pupa àti edé sè níbẹ̀, ọbẹ̀ ilá ni wọ́n sì fi ń ṣe sàráà fún Ìbejì ní oṣù kẹsàn-án. Èmi kò lè ka ìtàn yìí kí orí mi má wú.

Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀, ìmọ̀ ìṣègùn òde òní kò sì já àwọn àgbà nírọ́. Inú ewé tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú minimini ni èròjà tí ara ń sọ di fítámì A wà, èyí tí ń dáàbò bo ojú. Epo pupa tí a fi ro ẹ̀fọ́ ni kì í jẹ́ kí èròjà náà ṣòfò, nítorí inú ọ̀rá ni ó ti ń yòrò kí ara tó gbà á. Ibi kan ni mo rò pé àṣà wa ti kù díẹ̀ káàtó: bí a bá bọ ẹ̀fọ́ tí a sì fún un gbẹ, púpọ̀ nínú fítámì C rẹ̀ ti bá omi lọ. Èso ni ó yẹ kó dí àlàfo yẹn, nítorí fítámì C inú ọsàn àti agbálùmọ̀ ni ó ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin inú ewé, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń pọ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ọmọdé àti ìpanu ojú ọ̀nà oko ni ọ̀pọ̀ àgbà ka èso sí.

Ní Ìbàdàn mesìọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ìjọba àpapọ̀ dá ilé ìwádìí NIHORT sílẹ̀ ní 1975 nítorí èso àti ẹ̀fọ́. Ní 2003, ìmọ̀ràn tí ó jáde láti Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí ènìyàn máa jẹ 400 gíráàmù wọn, ó kéré tán, lójúmọ́. Síbẹ̀, lọ́jà ìlú ńlá lónìí, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ̀ àti úgú tí a kọ́ lọ́dọ̀ àwọn Ìgbò ni ó gba orí àtẹ kan. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ṣì mọ yánrin yàtọ̀ sí worowo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ewé wọn han àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì fún wọn ní irúgbìn méjèèjì gbìn.