ROM Inú Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Àtijọ́: Ọ̀nà Tí A Fi Ń Dá Ẹ̀dà Mọ̀

Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ lítíréṣọ̀ mọ̀ pé kí a tó lè túmọ̀ ìwé àtijọ́, ó di dandan kí a kọ́kọ́ mọ ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ wa. Kókó ọ̀rọ̀ mi ni pé irú iṣẹ́ yìí gan-an ni àwọn tí ń wá ROM inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà àtijọ́ ń ṣe, àti pé bí iṣẹ́ náà bá pẹ́ jù, apá kan nínú ìtàn ìwé títẹ̀ yóò parun.

Kí ni ROM? Ṣíìpù ni, tí ohun tí a kọ sínú rẹ̀ kì í parẹ́ nígbà tí a bá pa iná. Nínú Epson FX-80, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilẹ̀ Jàpáánù tí ó jáde ní 1983, ROM ni ó ní àṣẹ tí ń darí abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án tí ń tẹ lẹ́tà sára ìwé. Òun náà ni ó ní àwòrán lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni èyí tí a ti kọ ohun inú rẹ̀ mọ́ ọn láti ilé-iṣẹ́, tí kò ṣe é yí padà. Èkejì ni EPROM, tí Dov Frohman ṣe ní ilé-iṣẹ́ Intel ní 1971. Èyí ní fèrèsé kékeré lórí, tí ìtànṣán ultraviolet lè gbà wọlé pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lẹ ìwé mọ́ ojú fèrèsé náà. Ìwé yìí a sì máa gbé nọ́ńbà ẹ̀dà. Ẹni tí ó bá ṣí i láìkọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti sọ orúkọ ìwé nù.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nọ́ńbà ara ṣíìpù lè má sọ irú èyí tí ó jẹ́. A ó ka ẹsẹ̀ rẹ̀: 2716 àti 2732 ní ẹsẹ̀ 24, 2764 àti 27256 ní 28. Ṣùgbọ́n iye ẹsẹ̀ nìkan kò tó. Báìtì 8,192 ni 2764 àti 2364 ń gbà, síbẹ̀ ẹsẹ̀ 24 ni 2364 ní. Nítorí náà, a ó tọ ipa wáyà orí pátákó, kí a mọ ibi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ. Lẹ́yìn èyí, a ó ka ohun inú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí èsì méjì kò bá dọ́gba, a kò tí ì rí ojúlówó.

MAME, ètò kọ̀ǹpútà tí ń sín ẹ̀rọ àtijọ́ jẹ, ni Nicola Salmoria bẹ̀rẹ̀ ní 1997 nítorí ẹ̀rọ ayò. Lónìí, Epson LX-800 àti EX-800 wà lára ohun tí ó mọ̀. Ṣùgbọ́n láìsí ROM tí ó tọ́, kò sí ohun tí yóò sín jẹ. Bẹ́ẹ̀ sì ni iná mànàmáná tí ó di ọ̀rọ̀ inú EPROM mú ń jò díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. ROM FX-80 ní lẹ́tà àkànṣe fún Faransé, Jámánì, Sweden àti Jàpáánù. Kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọn ní láti ya wọ́n sínú RAM fúnra rẹ̀, a sì máa pàdánù wọn bí iná bá ti lọ. Nínú irú lẹ́tà àyàfúnra-ẹni bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ mẹ́jọ péré ni ó ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ó ṣòro kí lẹ́tà ńlá, àmì ohùn òkè àti àmì ìsàlẹ̀ jọ wọ inú rẹ̀.

ROM jẹ́ ẹlẹ́rìí nípa àwọn èdè tí a rántí àti àwọn tí a gbàgbé. Bí a bá dá a mọ̀ dáadáa, tí a sì pa á mọ́, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò lè mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ ìwé wa láti ìgbà náà fi wà láìní àmì.