Bí A Ti Ń Parí Ọ̀rọ̀ Nínú Ìwé

Ní Ìkòyí ti ilẹ̀ Ìjùmú, èyí tí kì í ṣe Ìkòyí ti Èkó, a bá àwọn àgbà jókòó ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ ààlà oko láàrin ọmọ ìyá méjì. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ó yanjú: ẹ̀gbọ́n ni yóò máa ro ẹ̀bá odò, àbúrò ni yóò mú apá òkè. Akọ̀wé, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ̀wé dáradára, kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kà á sí etí gbogbo wa pé: “Láti inú ohun tí a ti sọ lókè yìí, a lè parí rẹ̀ pé ilẹ̀ ẹ̀bá odò jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n.” Bàbá kan gbé ojú sókè wo àjà, ó ní, “A lè parí rẹ̀ kẹ̀? Ṣé a kò tíì parí rẹ̀ ni?” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àbúrò kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ “lè” náà, ó sì dì í mú. Bí ẹjọ́ ṣe tún ṣí sílẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ náà kò ṣìwà hù. Gẹ̀ẹ́sì ni ó rò, Yorùbá ni ó kọ. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe òpin nǹkan àti ohun tí ènìyàn rí fà yọ nínú àròyé. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ ni a ń parí, ìjà ni a ń parí. “Lè” tí wọ́n fi ń rẹ ara wọn sílẹ̀, lójú tiwa, ohun tí a kò tíì ṣe ni.

Níbo ni àṣà yìí ti wá? Kì í ṣe ọwọ́ àwọn tí ó kọ́kọ́ túmọ̀ Ìwé Mímọ́ ni kí a nà sí. Ní ọdún 1850 ni a tẹ Episteli sí àwọn ará Romu tí Samuel Ajayi Crowther túmọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwé tí ó kún fún àròyé tó o. Síbẹ̀, nínú Bíbélì tí a ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí Pọ́ọ̀lù bá ti fa ọ̀rọ̀ yọ, “ǹjẹ́” tàbí “nítorí náà” ni a bá níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ará ilé.

Ilé ẹ̀kọ́ ni kí a wò. Ní ọdún 1896 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ní ìlú Ọ̀yọ́ yìí kan náà ni Alùfáà Samuel Johnson ti parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a tẹ̀ ní 1921, Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì fi kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ́ àwọn olùkọ́ ní bí a ti ń ro àròyé sínú ìwé. Àwa pẹ̀lú wà nínú wọn: kò sí ìwé tí a kọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a kò fi “ní ìparí” sí nísàlẹ̀, ìbáà ṣe pé ọ̀rọ̀ ti tán tipẹ́.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897 kan náà ni ọmọ ogun Royal Niger Company wọ Kábbà, tí agbára Bídà lórí ilẹ̀ Okun sì dópin. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ ìjọba ni ìwé ń lọ: sí Kábbà láyé òyìnbó, sí Ìlọrin lẹ́yìn 1967, sí Lọ́kọ́ja láti 1991. Ìrora akọ̀wé Ìkòyí sì di méjì. Yorùbá inú ìwé, tí ó súnmọ́ ti Ọ̀yọ́, kì í ṣe èdè tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì sì tún dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò ní iyèméjì. “Ó jọ pé” wà, ó sì yẹ akọ̀tàn tí kò rí ìdí ọ̀rọ̀. “Ìdí nìyí tí” wà. “Àgbálọgbábọ̀ ọ̀rọ̀” wà pẹ̀lú, tí àwọn yunifásítì fi ń pe orí ìkẹyìn ìwé wọn lónìí, a sì yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kò ní “ó jọ pé” nínú.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá náà pe ọ̀rọ̀ fún akọ̀wé: “Ẹ̀gbọ́n ni ó ni ẹ̀bá odò. Àbúrò ni ó ni apá òkè. Àwa àgbà ni a wí bẹ́ẹ̀.” Akọ̀wé kà á jáde. Àbúrò ní kí ó tún un kà, ó gbọ́ ọ dé òpin, ó sì tẹ̀ka sí i.