Fíríì: Ìtàn Ọgbọ́n Ìṣọ́-Epo-Lò Láàárín Àwọn Awakọ̀

Kò sí awakọ̀ àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ ohun tí à ń pè ní fíríì. Bí ọkọ̀ bá ti gun òkè dé orí, tí ó wá ku gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níwájú, awakọ̀ yóò yọ jíà kúrò lára ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ yóò sì máa yí lọ fúnra rẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ a máa pa ẹ́ńjìnnì pátápátá. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ èrò láti Iléṣà lọ sí Adó-Èkìtì ní àwọn ọdún 1970 yóò rántí bí ọkọ̀ ti máa ń dákẹ́ lójijì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, tí ó fi jẹ́ pé ariwo afẹ́fẹ́ àti àdúrà àwọn èrò nìkan ni etí ń gbọ́. Bí a bá bi awakọ̀ léèrè ìdí rẹ̀, èsì kan ṣoṣo ni yóò fọ̀: epo ni òun ń ṣọ́ lò.

Ṣé ọgbọ́n ni, àbí àìmọ̀kan? Bí a bá gbé ìbéèrè yìí síwájú àwọn mẹkáníìkì tí wọ́n pàtẹ iṣẹ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà Ìkòtún sí Ìdímù lónìí, àríyànjiyàn ńlá ni yóò dá sílẹ̀. Àgbà inú wọn yóò ní kò sí ohun tí ó ń ṣọ́ epo tó fíríì. Ọmọ-iṣẹ́ tí ó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò yóò ní àdánù gbáà ni. Àwọn méjèèjì ni ó jàre, nítorí pé kì í ṣe ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ bá. Ìgbà kì í lọ bí òréré; ọkọ̀ ti yí padà, epo ti yí padà, ọwọ́ àwọn awakọ̀ nìkan ni ó ṣì wà ní ibi tí ó wà.

Ọdún 1956 ni ilé-iṣẹ́ Shell-BP rí epo rọ̀bì ní Oloibiri. Ní ọdún 1958, epo náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí òkè òkun. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ iye owó epo kò tíì di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé títí di oṣù kẹwàá ọdún 1973, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ísírẹ́lì àti àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá kan. Àwọn Lárúbáwá ti epo mọ́ Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Àgbá epo rọ̀bì tí ó ń lọ ní nǹkan bí dọ́là 3 sún mọ́ dọ́là 12 nígbà tí ọdún 1974 fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà ni àwọn aláwọ̀ funfun ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé ẹsẹ̀ awakọ̀ wà lára ohun tí ń jó epo. Ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 55 ní wákàtí kan lọ. Ti Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ fi tirẹ̀ sí máìlì 50 fún ìgbà díẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọ̀wọ́n tí ó dé bá àwọn ẹlòmíràn ni ó sọ wá di olówó. Owó Údójì dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, òṣìṣẹ́ ra ọkọ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, tí kò jìnnà sí Ìdímù, tí ti Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń kọ́ bí a ti ń rọra wakọ̀, ilé-iṣẹ́ wa ń to ọkọ̀ ìjàpá jáde, àwa náà ń rà á. Èkó kún dẹ́nu. Ní ọdún 1977, ìjọba ológun pín ọjọ́ fún ọkọ̀: èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì yóò jáde ní ọjọ́ kan, èyí tí ó ṣeé pín sí méjì yóò jáde ní ọjọ́ kejì. Kí ni àwọn tí apá wọ́n ká a ṣe? Wọ́n ra ọkọ̀ kejì tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀. Bí a bá ń wá ẹ̀rí pé epo pọ̀ púpọ̀ nígbà náà, èyí tó.

Ọkọ̀ ìjàpá yìí gan-an ni ó jẹ́ kí fíríì dàbí ọgbọ́n. Kábúrétọ̀ ni ó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Kábúrétọ̀ kò ní ọpọlọ. Kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń gun òkè tàbí ó ń sọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí, yóò máa fa epo, bí awakọ̀ tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá. Nítorí náà, ẹni tí ó yọ jíà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dín yíyí ẹ́ńjìnnì kù, epo tí kábúrétọ̀ ń fà sì dín kù pẹ̀lú. Ẹni tí ó pa á kò jo epo rárá. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tí ń bú àwọn àgbà awakọ̀ kì í rántí: bíréèkì ọkọ̀ ìjàpá kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì. Agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ ni ó ń mú un dúró, agbára apá rẹ̀ ni ó sì ń yí sitíárì. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, bíréèkì kò kú.

Ọkọ̀ tí ó dé lẹ́yìn ìyẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ ti ń wúwo sí i, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ mú kí ẹ́ńjìnnì máa ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ lórí bíréèkì, kí ó sì máa ran apá lọ́wọ́ lórí sitíárì. Ẹni tí ó bá pa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yóò tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà yóò le bí òkúta. Bí ó bá sì yí kọ́kọ́rọ́ kọjá ààlà tí ó yọ ọ́, sitíárì lè tì pa mọ́ ọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí kò ní kábúrétọ̀ rárá gba ìgboro, àwọn tí kọ̀ǹpútà ń wọn epo fún. Kọ̀ǹpútà yìí mọ ohun tí kábúrétọ̀ kò mọ̀. Bí ọkọ̀ bá wà nínú jíà tí ó ń sọ̀, tí awakọ̀ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò, yóò dá epo dúró pátápátá, nítorí pé táyà ni ó ń yí ẹ́ńjìnnì nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá gbé e sí fíríì, kò sí ohun tí yóò yí ẹ́ńjìnnì mọ́ àfi epo. Ẹni tí ó rò pé òun ń ṣọ́ epo ni ó ń jó o yìí.

Kí ni ó fà á tí àṣà náà kò fi kú? Ìbẹ̀rù ni. Ní ọdún 1978, lítà epo bẹntiróòlù kan di kọ́bọ̀ 15 ó lé díẹ̀. Ní ọdún 1982, ó di kọ́bọ̀ 20. Ní ọdún 1986, kọ́bọ̀ 39 àti ààbọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1993, ìjọba Ernest Shonekan gbé e láti kọ́bọ̀ 70 sí náírà 5 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Sani Abacha gba ìjọba ní oṣù yẹn kan náà, ó já a wálẹ̀ sí náírà 3 àti kọ́bọ̀ 25, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 1994 yóò fi parí, náírà 11 ni. Ní ọdún 1994 yìí kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìdìbò June 12, tí ìlà ọkọ̀ sì gùn láti ilé epo kan dé òmíràn. Ẹni tí ó ti sun inú ọkọ̀ mọ́jú lórí ìlà epo rí, kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé kí ó má ṣe fíríì tí yóò gbọ́.

Ní ti Ìdímù àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Alímọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ epo tún ní ẹ̀gbẹ́ tí ó ṣókùnkùn ju iye owó lọ. Èjìgbò tí ó wà nítòsí wọn ni ọ̀kan nínú àwọn àká epo ìjọba wà, abẹ́ ilẹ̀ àwọn àdúgbò wọ̀nyí sì ni àwọn ọ̀pá tí ń gbé epo gbà kọjá. Ní Barúwà, ní ìhà Ìpájà, láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn onílé ti ń fa omi kànga tí ń rùn fún epo. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2006, ọ̀pá epo gbaná ní Abúlé Ẹ̀gbá níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gbọ́n epo; ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó jóná. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2008, katakata tí ń ṣe ọ̀nà fọ́ ọ̀pá mìíràn ní Ìjẹ̀gùn, iná sì jó dé ilé ẹ̀kọ́. Epo ń kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn, ó ń ba omi wọn jẹ́, ó ń pa ọmọ wọn, síbẹ̀ wọ́n ń gbé kẹ́ẹ̀gì wá a kiri. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ ìtàn máa sọ èyí fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìtàn Oloibiri.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2012, epo fò láti náírà 65 sí náírà 141. Ìyanṣẹ́lódì àti ìwọ́de Ọ̀jọ́ta ni ó já a sí 97. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ lórí epo ti dópin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ilé epo ìjọba ní Èkó ń ta lítà kan ní náírà 488. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó di náírà 998. Táńkì tí ó ń gba lítà 40, tí náírà 6 àti kọ́bọ̀ 12 kún ní ọdún 1978, ó di ohun tí náírà 39,920 ń kún.

Lábẹ́ ẹrù yìí ni ojú àwọn ènìyàn fi là sí ọkọ̀ háíbíríìdì, ọkọ̀ tí ó ní ẹ́ńjìnnì epo, tí ó tún ní mọ́tò iná àti bátìrì ńlá. Kì í ṣe ohun tuntun lọ títí. Ní nǹkan bí ọdún 1900 ni Ferdinand Porsche, ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ ìjàpá lẹ́yìn náà, ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ kan. Epo pọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ayé sì gbàgbé rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1997 ni Toyota gbé Prius jáde ní Jàpáàn. Ti Honda, Insight, tẹ̀ lé e ní ọdún 1999. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí gbó ní ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n di tòkunbọ̀, tí wọ́n sì wọ Èkó láìsí ìwé ìtọ́ni kankan nínú wọn.

Ohun tí ọkọ̀ yìí ń ṣe tí ọkọ̀ ìjàpá kò lè ṣe ni pé ó ń gba agbára padà. Nígbà tí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò tàbí tí ó bá fọwọ́ pẹ̀lẹ́ tẹ bíréèkì, mọ́tò iná yóò yí padà di ẹ̀rọ amúnáwá, yóò sì máa da iná sínú bátìrì. Bí ó bá tẹ bíréèkì lójijì, irin yóò fi ara gbo irin, agbára náà yóò sì di ooru lásán. Nítorí náà, ẹni tí ó ń wa háíbíríìdì láti Ẹgbẹ́dá bọ̀ wá sí Ìdímù gbọ́dọ̀ máa wo iwájú jìnnà. Bí ó bá rí dánfó tí ó fẹ́ dúró já èrò, kí ó ti gbé ẹsẹ̀ kúrò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í jó epo púpọ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí ń jẹ owó ọkọ̀ mìíràn kò rí háíbíríìdì mú tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ a máa kú nígbà tí ó bá dúró, iná ni yóò sì fi rá kòrò.

Fíríì wá ńkọ́? Nínú háíbíríìdì Toyota, bí a bá ti gbé jíà sí N, bátìrì kò ní gba iná mọ́ rárá. Ẹni tí ó bá ń fi sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń da agbára tí ó yẹ kí ó wọ inú bátìrì nù. Ẹni tí ó bá sì fi í sí N nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù ń fa bátìrì gbẹ, ẹ́ńjìnnì kò sì lè gbà á. Àwọn kan a tún máa rò pé B dúró fún bátìrì, wọn a sì máa fi í wakọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn bí ti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni a ṣe é fún, kí bíréèkì má baà gbóná. Ní ojú ọ̀nà tí ó tẹ́jú, epo ni ó ń jó. D ni ibi tí ó yẹ kí jíà wà.

Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ náà mọ fíríì ṣe fúnra rẹ̀. Bí ọ̀nà bá ṣí, kí awakọ̀ tẹ̀ ẹ́ níwọ̀ntúnwọ̀nsì títí yóò fi tó nǹkan bí 60 kìlómítà ní wákàtí kan, kí ó wá gbé ẹsẹ̀ kúrò, kí ó tún fi tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ́. Ẹ́ńjìnnì yóò kú nínú D, ọkọ̀ yóò máa yọ́ lọ, bíréèkì àti sitíárì kò sì ní kú pẹ̀lú rẹ̀. Bí iyára bá dín kù, kí ó tún tẹ̀ ẹ́. Irú ọgbọ́n yìí ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Shell kan fi ń bá ara wọn díje ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1939. Díẹ̀ ni ó kù kí ẹni tí ó borí lọ máìlì 50 lórí gálọ́ọ̀nù kan. Ìdíje yẹn ni ó dàgbà di èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó, ti Bìní àti ti Ahmadu Bello gbé ọkọ̀ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe lọ sí ní Rotterdam ní ọdún 2014.

Eré àsápajúdé kò sí nínú ọgbọ́n yìí. Bí iyára bá di ìlọ́po méjì, afẹ́fẹ́ tí ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn yóò di ìlọ́po mẹ́rin, kò sì sí bátìrì tí ó lè bá ìyẹn jà. Táyà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dín náà ń jẹ epo ní ìdákẹ́jẹ́.

Ọ̀kan kù tí ó kan ojú ọjọ́ Èkó gan-an. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn Prius ni ihò kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé láti mú bátìrì tutù. Eruku ọ̀nà Ìdímù a máa dí i. Àpò gààrí àti ẹrù ọjà tí a kó jọ sí ẹ̀yìn a máa bò ó. Bátìrì tí kò rí afẹ́fẹ́ yóò gbóná, kò ní lè gba iná púpọ̀ mọ́, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ àti ti mọ́tò. Nígbà náà ni ẹni tí ó ni ọkọ̀ yóò máa sọ kiri pé irọ́ ni wọ́n pa fún òun, pé háíbíríìdì kò ṣọ́ epo, nígbà tí ó jẹ́ pé àpò gààrí ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ mí.