Orúkọ Ìdílé Kan Tí Ó Di Ọ̀rọ̀-Ìṣe

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ènìyàn lè kàwé fún ọdún púpọ̀ kí ó tó bá a pàdé: bowdlerize ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a mú ìwé ẹlòmíràn, kí a sì yọ ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá, tàbí èyí tí a kà sí bẹ́ẹ̀, kúrò nínú rẹ̀. Bí olùkọ́ bá gé ìwé kúrú nítorí gígùn rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ yìí ni a ó lò. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi í yin ènìyàn: ẹni tí ó bá lò ó ń wí pé a ti ba ìwé náà jẹ́ ni.

Lẹ́bàá ìlú Bath, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, baba kan nínú ìdílé Bowdler a máa ka eré Shakespeare fún àwọn ará ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó mọ ẹsẹ fò tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ kò fi mọ̀ pé ohun kan ti bọ́ sílẹ̀. (Olùkọ́ wo ni kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí níwájú kíláàsì?) Thomas ọmọ rẹ̀, oníṣègùn, tí a bí ní 1754, ni ó ròyìn èyí. Kì í ṣe gbogbo baba ni ó ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, nítorí náà a ṣe ìwé kan tí a ti bá wọn fò. Ogún eré jáde ní Bath ní 1807 láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Ní 1818 gbogbo eré 36 jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní apá mẹ́wàá, pẹ̀lú orúkọ Thomas.

Níbi tí ẹnìkan bá ti pe orúkọ Ọlọ́run lásán, a fi ọ̀run rọ́pò rẹ̀. Doll Tearsheet, aṣẹ́wó inú apá kejì Henry IV, ni a lé jáde pátápátá. Othello ni ó borí ọ̀bẹ: Thomas fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé eré náà kò yẹ fún kíkà nínú agbo ilé.

Èmi kò rí ẹ̀tàn nínú gígé náà, nítorí a kọ ọ́ gbangba sí iwájú ìwé ti 1818 pé a ti yọ ọ̀rọ̀ kúrò. Ọwọ́ tí ó kọ́kọ́ gé e ni a fi pamọ́. Henrietta, ẹ̀gbọ́n Thomas obìnrin, tí a bí ní 1750, ni ó ṣe ìwé ti 1807. Ní ayé ìgbà náà, obìnrin ọlọ́lá tí ó bá wí pé òun yọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti jẹ́wọ́ pé òun mọ ìtumọ̀ wọn. Ó sì ti mọ́ ọn lára láti máa fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. Ó ti kọ ìwé ìwàásù kan tẹ́lẹ̀, tí a ń sọ pé Bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù, Beilby Porteus, rò pé àlùfáà ni ó kọ ọ́, tí ó sì fẹ́ fún un ní ìjọ láti máa ṣe àbójútó rẹ̀!

Thomas kú ní 1825, Henrietta ní 1830. Ní 1836 ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà hàn nínú ìwé títẹ̀, àbúrò nìkan ni àwọn òǹkàwé sì rò pé a ń bá wí.